Ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n Inú Ilé: Bí A Ó Ṣe Máa Tọ́jú Rẹ̀ àti Bí A Ó Ṣe Máa Tún Un Ṣe Láìséwu

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀rọ̀ omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ó ń ṣu, àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ aṣaralóore ni ẹ sábà máa ń bá pàdé nínú irú ìwé báyìí. Ó lè yà yín lẹ́nu pé wáyà iná ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Ilé ìwòsàn tí ń gba ọmọ tí ibà ń ṣe náà ni ń gba ọmọ tí iná gbé àti ìyá tí iná jó. Ohun tí a sì lè dènà nínú ilé kò yẹ kí ó di ohun tí a ó gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọ̀pọ̀ yàrá wa ni ó jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ó wà lára ògiri rẹ̀. Tọkọtaya àti ọmọ mẹ́rin lè máa gbé inú yàrá bẹ́ẹ̀. Bí iná bá ti dé, fíríìjì nílò rẹ̀, fáànù nílò rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n nílò rẹ̀, aṣọ ilé ìwé ọmọ ń dúró de áyọ́ọ̀nù, fóònù mẹ́ta sì fẹ́ gba agbára. Ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n ni a fi ń pín iná náà kárí. Iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣe fún wa, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ó máa ń wà, níbi tí ọmọ ń rá, tí omi ń dà sí, tí ẹsẹ̀ gbogbo wa sì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

OHUN TÍ INÁ MÀNÀMÁNÁ LÈ ṢE SÍ ARA

Iná tí ó ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà tó nǹkan bí 230 fóòtì. Gílóòbù kan tí ó jẹ́ 60 wáàtì máa ń fa nǹkan bí 260 mílí-áńpì nínú iná náà. Ẹ wá fi èyí wé ara ènìyàn. Bí nǹkan bí 10 mílí-áńpì bá gba ara kọjá, iṣan ọwọ́ lè fún pọ̀ débi pé ẹni náà kò ní lè jọ̀wọ́ ohun tí ó dì mú. Bí ó bá tó 30 mílí-áńpì tí ó sì pẹ́ díẹ̀ lára, èémí lè dúró, ọkàn sì lè dẹ́kun lílù bí ó ti yẹ. Ìyẹn ni pé iná tí ń tan gílóòbù kékeré kan ju èyí tí ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ.

Awọ ara tí ó gbẹ máa ń dí iná lọ́wọ́ díẹ̀. Awọ tí omi tàbí òógùn ti mú tutù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, tí ó fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí sìmẹ́ńtì, tí ó sì fọwọ́ kan wáyà tí ó bó, wà nínú ewu ju àgbà tí ó wọ bàtà rọ́bà lọ.

OHUN TÍ Ó Ń BA Ẹ̀SÌTẸ́ŃṢỌ̀N JẸ́

Bí ẹ bá gé wáyà ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n, ẹ ó rí i pé kì í ṣe irin kan gbọọrọ ni ó wà nínú rẹ̀. Okùn bàbà tín-ín-rín-tín-ín-rín púpọ̀ ni a ṣù pọ̀, tí a fi rọ́bà bò. Nígbà tí a bá ń ká wáyà náà mọ́ ìgúnpá wa, tí a ń ta á ní kókó, tí a ń fà á yọ kúrò lára ògiri nípa dídi wáyà mú dípò pílọ́ọ̀gì, àwọn okùn wọ̀nyí yóò máa já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú kò ní rí i, nítorí rọ́bà ṣì bò ó. Àwọn okùn tí ó kù ni yóò wá máa ru ẹrù gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti máa gbóná.

Ilẹ̀kùn tí a ń pa dé mọ́ wáyà lára, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí a gbé lé e, oòrùn tí ó ń pa á lójoojúmọ́ lẹ́bàá fèrèsé, àti eku tí ń gé rọ́bà rẹ̀ jẹ, gbogbo wọn ni ó ń sọ ọ́ di ohun àpatì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti í pa ẹkàn ìrókò, bí ó bá dàgbà tán apá kò ní í ká a mọ́. Ojú sísán kékeré lára rọ́bà wáyà ni ẹkàn ìrókò tí à ń wí yìí.

ẸRÙ TÍ Ó JU AGBÁRA WÁYÀ LỌ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣe àṣìṣe láìmọ̀, nítorí náà a bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbà á. Ọdún 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìlànà rẹ̀ jáde. Inú rẹ̀ ni fíúsì wà, èyí tí ó tóbi jù sì jẹ́ 13 áńpì. Bí a bá fi 13 sọ 230 di púpọ̀, a ó rí 2,990 wáàtì. Gbogbo ohun tí a bá kì bọ ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n kan lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ ju iye yìí lọ, bí wáyà rẹ̀ tilẹ̀ nípọn dáadáa. Áyọ́ọ̀nù sábà máa ń tó 1,000 sí 1,200 wáàtì. Kẹ́tù oníná lè tó 2,000. Bí a bá lo áyọ́ọ̀nù 1,200 àti kẹ́tù 2,000 pọ̀, ó ti di 3,200. Ẹrù náà ti kọjá agbára. Fáànù ní tirẹ̀ kò sábà ju 70 wáàtì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ṣájà fóònù kò tó nǹkan. Ohun tí ń mú nǹkan gbóná ni olóyè nínú ọ̀rọ̀ yìí: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tù, sítóòfù oníná, àti irin tí a ń tì bọ korobá láti fi sè omi ìwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo èyí tí ó farasin. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú ní wáyà tín-ín-rín tí ó jẹ́ 0.75 mm². Áńpì 6 péré ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè gbé, èyí tí í ṣe 1,380 wáàtì. Bí a bá kì kẹ́tù 2,000 wáàtì bọ̀ ọ́, kẹ́tù náà yóò fa nǹkan bí áńpì 9. Fíúsì 13 tí ó wà nínú pílọ́ọ̀gì kò ní jó, nítorí pé 9 kò tó 13. Wáyà ni yóò máa gbóná, lábẹ́ rọ́ọ̀gì tàbí lẹ́yìn kọ́tìnì, títí rọ́bà rẹ̀ yóò fi yọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé níwọ̀n ìgbà tí fíúsì kò bá tí ì jó, kò sí ewu. Fíúsì tí ó tóbi ju wáyà lọ kì í ṣọ́ wáyà.

Nítorí náà, ẹ wo ara wáyà yín. A máa ń tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Èyí tí a kọ 0.75 mm² sí, ti fáànù, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù àti ṣájà ni. Fíúsì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 5 áńpì lọ. Èyí tí a kọ 1.25 mm² tàbí 1.5 mm² sí ni ó lè gbé áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tù, ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì kì ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n kan bọ inú ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n mìíràn.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Bí a bá lò ó tán, kí a yọ ọ́ kúrò lára ògiri, kí a sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ má ká a mọ́ ìgúnpá. Ẹ ká a ní òrùka ńlá, bí ẹni ń ká okùn ìfami, kí òrùka náà fẹ̀ tó awo ìjẹun, kí ó má sì fún. Ẹ fi aṣọ pẹlẹbẹ dì í ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ sì fi kọ́ ìṣó tí ó ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó lọ. Ìṣó náà kò gbọdọ̀ gún wáyà, òrùka ni kí ẹ fi kọ́ ọ.

Ibi tí ó gbẹ ni kí ó wà. Kì í ṣe lẹ́bàá ìkòkò omi, kì í ṣe abẹ́ fèrèsé tí òjò ń fọ́n wọlé, kì í sì í ṣe ẹ̀gbẹ́ gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù. Ẹ má fi sí inú páálí oúnjẹ, nítorí pé ibi tí oúnjẹ bá wà ni eku ń lọ.

Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ká mọ́ àgbá, ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kì ohun tí ń mú nǹkan gbóná bọ̀ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtòsí ni ẹ fẹ́ lò ó. Wáyà tí a ká jọ kò rí ibi tú ooru rẹ̀ dà sí. Ooru yóò máa ró jọ láàárín, rọ́bà yóò sì yọ́ láti inú wá.

Nígbà tí a bá ń lò ó, kí ó máà gba abẹ́ rọ́ọ̀gì, ẹní tàbí tìmùtìmù. Kí ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ má fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri. Bí ọmọ tí ń rá bá wà nínú ilé, ẹ gbé orí ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n sórí tábìlì, kí ẹ má fi sí ilẹ̀. Ẹ má sì fi igi ìgbálẹ̀ tàbí ọ̀pá bírò ti ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Ihò yẹn ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tí ó bo ihò méjì ìsàlẹ̀. Ìlẹ̀kùn náà ni ó ń gba ọmọ tí ó mú ìṣó tàbí irin dání sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Ọmọ tí ó bá sì rí i tí ìyá rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ yóò ṣe é bí ìyá kò bá sí nílé.

ÀYẸ̀WÒ Ọ̀SẸ̀ Ọ̀SẸ̀

Ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, bóyá ọjọ́ tí ẹ máa ń gbá gbogbo ilé. Ẹ yọ ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n kúrò lára ògiri, kí ẹ sì fi ọwọ́ gbígbẹ tọ wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àmì tí ẹ ó máa wò nìyí:

1. Ojú sísán, ojú ọgbẹ́, tàbí ibi tí eku ti gé jẹ.
2. Ibi tí wáyà ti rọ̀ jù tàbí tí ó ti le gbagidi ju ibi yòókù lọ.
3. Dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ lára ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí lára ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì.
4. Òórùn rọ́bà jíjó, tàbí òórùn tí ó dà bí ti ẹja.
5. Pílọ́ọ̀gì tí kò dúró ṣinṣin, tàbí iná tí ń ṣẹ́jú bí a bá mi wáyà.
6. Ooru. Bí ẹ bá ti lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọwọ́ kan ara pílọ́ọ̀gì àti rọ́bà wáyà. Bí ó bá gbóná tí ó ń jó ọwọ́, ẹ pa iná, kí ẹ sì yọ ọ́.

Èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí ti tó láti mú kí ẹ pa á tì títí ẹ ó fi tún un ṣe. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

Àtúnṣe wà tí ìdílé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, èyí tí ó jẹ́ ti oníṣẹ́ iná sì wà. Pípààrọ̀ fíúsì àti pílọ́ọ̀gì kò kọjá agbára ẹni tí ó bá lè fara balẹ̀, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ̀yin ìyá, ẹ kọ́ ọ, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ máa ń wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ jù.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì:

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ yọ ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n kúrò lára ògiri pátápátá. Pé iná kò sí lásìkò náà kò tó, nítorí pé iná lè dé nígbàkigbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ibi tí ó ti bàjẹ́ kúrò, kí ẹ sì bó rọ́bà orí wáyà kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kí ó kàn tó èyí tí yóò wọ inú ihò irin. Ẹ lọ́ àwọn okùn bàbà náà pọ̀ kí ọ̀kankan má baà ta síta.

Ẹ wá wo àwọ̀ wọn. Wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ ni iná ń gbà wọlé. Lẹ́tà L ni a fi sàmì sí ipò rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fíúsì ni ó wà. Wáyà aláwọ̀ aró ni iná ń gbà padà. Ipò rẹ̀ ni N. Wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè ni wáyà ilẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ipò rẹ̀ ni E, lókè pátápátá. Bí ẹ bá ṣí pílọ́ọ̀gì tí ẹ gbé ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ sókè, aláwọ̀ aró yóò wà lọ́wọ́ òsì, aláwọ̀ ilẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Nínú wáyà àtijọ́, pupa ni ó dúró fún L, dúdú fún N, àwọ̀ ewé fún E. Bí àwọ̀ wáyà yín bá yàtọ̀ sí gbogbo èyí, ẹ má méfò, ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Ẹ dè wọ́n pinpin, kí ẹ sì fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Rọ́bà ńlá tí ó bo wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìdè tí ó wà lẹ́nu pílọ́ọ̀gì, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹnìkan bá kọsẹ̀ lára wáyà, ìdè náà ni yóò gba fífà rẹ̀. Ẹ fi fíúsì tí ó yẹ sí i, ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé, kí ẹ tó gbé e sún mọ́ ògiri. Ẹ fi fáànù dán an wò ná.

Ní ti fíúsì tí ó jó, ẹ kò gbọdọ̀ fi wáyà, ìṣó, tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá rọ́pò rẹ̀. Fíúsì ni a dá láti kú kí ilé má baà jó. Ẹni tí ó bá fi irin rọ́pò rẹ̀ ti lé olùṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ó bá jẹ́ àárín wáyà ni ó ti já tàbí bó, ẹ má so ó pọ̀ kí ẹ fi téèpù wé e. Téèpù máa ń tú bí ooru bá mú un, ojú ìsopọ̀ sì ni ó kọ́kọ́ máa ń gbóná. Sẹ́lòtéèpù, ọ̀rá àti àkísà kò tilẹ̀ yẹ lẹ́nu sọ. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a gé e níbi tí ó ti bàjẹ́, kí a fi pílọ́ọ̀gì tuntun sí apá tí ó so mọ́ orí ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n. Yóò kúrú sí i, ṣùgbọ́n yóò pé.

Bí orí ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n ṣíṣù pọ̀ tí kò ṣeé tú bá ti yọ́, tàbí tí omíyalé ti bò ó, ẹ dà á nù. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí oníṣẹ́ iná kàn mọ́ pákó, ẹ pe oníṣẹ́ iná kí ó pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó jó, kí ó sì fi wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta sí i. Ẹlẹ́nu méjì kò ní wáyà ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù nílò rẹ̀.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ ṣe láéláé: wáyà tí ó ní pílọ́ọ̀gì lẹ́nu méjèèjì, tí àwọn kan fi ń gbé iná jẹnẹrétọ̀ wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Bí ẹnu kan bá ti wọ ibi tí iná wà, ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì kejì ti di iná gbangba lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un. Ó sì lè pa òṣìṣẹ́ tí ń tún wáyà ṣe lórí òpó.

NÍGBÀ TÍ A BÁ FẸ́ RA TUNTUN

Àjọ tí ń rí sí ìwọ̀n àti ìdára ọjà ní Nàìjíríà, SON, tí a dá sílẹ̀ ní 1971, ní àmì MANCAP tí wọ́n ń fi sí ara ọjà tí a ṣe nílé tí ó bá kún ojú òṣùwọ̀n. Ẹ wá a. Ẹ wo bóyá a tẹ ìwọ̀n wáyà sí ara rẹ̀. Ẹ gbé e wò: wáyà bàbà wúwo, èyí tí a fi alumíníọ́mù ṣe tí a wá fi bàbà pa lára fúyẹ́, kò sì lè gbé ẹrù tó ti bàbà gidi.

BÍ INÁ BÁ LỌ LÁÌRÒ TẸ́LẸ̀

Láti 2013 ni àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ti gba iṣẹ́ pínpín iná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè é. Lílọ bíbọ̀ iná kò tíì dópin. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń lọ aṣọ, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e dúró lórí ìdí rẹ̀. Ẹ má gbé e sílẹ̀ lórí aṣọ kí ẹ wá lọ sọ́jà. Iná tí ó bá padà dé sí ilé tí kò sí ènìyàn kì í béèrè onílé.

BÍ EWU BÁ ṢẸLẸ̀

Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná láti ògiri tàbí láti ibi ìpaná ńlá ilé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró lórí pákó gbígbẹ tàbí àga oníke, kí ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ ké sí ènìyàn kí ó pe 112, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíákíá, nǹkan bí ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Fún ọmọdé, ọwọ́ kan tó. Fún ìkókó, àtàǹpàkò méjì, kí àwọn ìka yòókù yí àyà rẹ̀ ká. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọ lè máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn títẹ̀ ọgbọ̀n. Ẹ má dẹ́kun títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé tàbí tí yóò fi mí. Ẹ má da omi lé e, ẹ má sì ro epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Bí ó tilẹ̀ dìde tí ó sì ń sọ̀rọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé iná lè pa inú lára kí awọ má fi hàn. Aboyún tí iná gbé gbọ́dọ̀ lọ kí wọ́n yẹ òun àti oyún wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí iná bá jó ara, ẹ da omi tútù tí ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo, kì í ṣe iyọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọyín. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Bí ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n bá ń jó, ẹ pa iná ilé ná. Ẹ má da omi lé e. Iyanrìn gbígbẹ tàbí ìpaná oníyẹ̀fun ni kí ẹ lò. Bí ó bá ti ran kọ́tìnì tàbí bẹ́ẹ̀dì, ẹ kó àwọn ọmọ jáde kí ẹ tó rántí ohunkóhun mìíràn.

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Ìbéèrè: Bí mo bá fọwọ́ kan fíríìjì mi, iná máa ń ta mí fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣé ó léwu?
Ìdáhùn: Ó léwu. Àmì pé iná ń jò sí ara fíríìjì ni, tí kò sì rí ọ̀nà ilẹ̀ lọ. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ògiri ni ó sì yẹ kí ẹ kì fíríìjì bọ̀ tààrà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi gé wáyà jẹ, ètè rẹ̀ jó díẹ̀, kò sì sunkún mọ́. Ṣé kí n fi sílẹ̀?
Ìdáhùn: Rárá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ gidigidi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nígbà tí ènìyàn ti rò pé ó ti san.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń dáná sun wáyà àlòkù kí wọ́n lè ta bàbà rẹ̀. Ṣé a lè fún wọn ní tiwa?
Ìdáhùn: Ẹ má fún wọn. Èéfín rọ́bà wáyà ní májèlé nínú, pàápàá òjé, tí ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ tà á fún oníyàwó àlòkù irin tí yóò bó o láìsun ún.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ti rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a sọ kò ná wa lówó. Ìṣó kan lára ògiri, àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, fíúsì tí ó yẹ, àti kí a yọ áyọ́ọ̀nù bí iná bá lọ. Ẹ ka ìwé yìí sétí ọkọ, ẹ kọ́ ọmọ tí ó dàgbà jù bí a ṣe ń pa iná ńlá ilé, kí ẹ sì fi han ará ilé tí ẹ jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, nítorí pé bí iná bá ṣẹ́yọ ní yàrá kan, kì í mọ ààlà yàrá kejì. Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ wo ohun tí ẹ kì bọ ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n yín. Ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ.